Ìgbàyà Ọba tí Mo Tún Ṣe Jù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Auntie Kamala ní Bramalea ní Canada, mo rò pé mo ti ṣìnà. Láti Oshawa ni mo ti wa mọ́tò wá láàárọ̀ kùtù, yìnyín ń bọ́, ilé tí wọ́n sì júwe fún mi wà láàárín ilé ìkẹ́rùsí méjì, ọ̀kan tí wọ́n ń kó fìríìjì sí, èkejì tí wọ́n ń kó oúnjẹ ajá sí. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Àṣíborí irin kún orí pákó lọ rẹrẹẹrẹ, asà wà lára ògiri, idà kún inú dúrọ́ọ̀mù bí igi ìdáná. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ súwẹ́tà nípọn lé sárì jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi òòlù kékeré kan lu páànù. Kò gbójú sókè. Ó kàn ní kí n máa bọ̀.

Bí mo ṣe ń lọ bá a ni mo rí òòlù mìíràn tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ há, ẹni tó bá ń kánjú yóò gbé ẹsẹ̀ dá a kọjá ni. Èmi bẹ̀rẹ̀, mo mú un, mo gbé e sórí tábìlì kí n tó tẹ̀ síwájú. Ìgbà yẹn ló wò mí.

"Kí ló dé tí o kò dá a kọjá?"

Mo ní ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ gbé ẹsẹ̀ dá irinṣẹ́ kọjá, pé ẹni tó bá dán an wò, ìgbájú ni yóò fi jẹun ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun náà ní India kì í gbà á, pé bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ṣèèṣì kan òòlù, àfi kó fọwọ́ kan òòlù náà kó sì fi ọwọ́ ọ̀hún kan iwájú orí, kó fi tọrọ àforíjì. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Kò béèrè bóyá mo ti ṣiṣẹ́ fíìmù rí. Ó na òòlù sí mi, ó ní kí n lu nǹkan kí òun wò ó.

Iṣẹ́ panẹ́lì bítà ni mo kọ́. Bí mọ́tò yín bá kọ lu òpó, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ọ̀dọ̀ wa lẹ ń gbé e wá. Ibi tó wọlé yẹn là ń pè ní déǹtì. A ó fi irin kan tó wúwo tó sì dán, tí à ń pè ní dólì, tì í lẹ́yìn, a ó wá máa fi òòlù lù ú níwájú díẹ̀díẹ̀ títí páànù yóò fi padà sí ipò rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Etí àti ìka la fi ń ṣe é, nítorí ìró ibi tó ti gbọ́ràn yàtọ̀ sí ìró ibi tó ṣì ń ṣagídí. Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Ràṣídì, máa ń dijú ni tó bá ń yẹ iṣẹ́ wa wò. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì dúró níbì kan, ẹni tó ṣe ibẹ̀ ti gbé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Bí ẹni tó ni mọ́tò bá ṣì rántí ibi tó ti gbá, o ò tíì ṣe é tán." Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ débi pé mo fi sọ́kàn ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ.

Nígbà tí mo dé Canada, mo rí i pé ayé ti yí. Rọ́bà ni bọ́ńpà wọn. Bí ilẹ̀kùn mọ́tò bá wọlé, wọn kì í lù ú, wọ́n á tú u dànù, wọ́n á ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Oshawa, òòlù mi kì í jáde nínú àpótí; nọ́ọ̀tì ni mò ń tú, nọ́ọ̀tì ni mò ń dè, láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Fúnmi, ìyàwó mi, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ní òun ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. Síbẹ̀ òun náà ló gbọ́ ní ìjọ wa pé ìyá kan ní Bramalea ń wá ẹni tó mọ irin lù fún fíìmù, tó sì ní kí n lọ wò ó kí n lè yé bínú sí nọ́ọ̀tì.

Fíìmù náà dá lórí ọba jagunjagun kan tó jẹ ní ilẹ̀ India láyé ìgbà tí idà àti ọ̀kọ̀ ṣì ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Auntie Kamala fúnra rẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀ gan-an, Mahárájà, ìyẹn ọba ńlá, ló máa ń sọ, èmi náà sì wá láti ibi tí a kì í ti í pe ọba lórúkọ bí ẹni pe ẹgbẹ́ ẹni. Kékeré ló ti gorí oyè. Ọ̀tá lé e kúrò nínú ìlú bàbá rẹ̀, ó ń sùn nínú igbó, ó ń jẹ ohun tí àwọn darandaran ń jẹ, kò sì túúbá títí ó fi kú sójú ogun. Toronto ni wọ́n ti ya apá tó pọ̀ jù nínú ìtàn náà. Inú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Bolton ni wọ́n kọ́ odi ìlú rẹ̀ sí. Pákó àti fóòmù lásán ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó fẹ́ béèrè ọ̀nà ẹnubodè.

Àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pe ìyá yìí ní Kamala ṣákálá. Àwọn ará India ń pè é ní Kamala-ji, kí ọ̀wọ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹnu mi ò gba èkíní, ahọ́n mi ò mọ èkejì, ni mo bá ń pè é ní Auntie, ó sì ń dá mi lóhùn. Òun náà ń pè mí ní beta, tí í ṣe ọmọ mi ní èdè wọn, pàápàá bí mo bá ti ba nǹkan jẹ́. Àṣíborí àkọ́kọ́ tí mo lù fún un fẹ̀ jù. Ó yí i dojú sókè, ó wò ó, ó ní ìrẹsì ìdílé mẹ́ta lè jinná nínú rẹ̀, ó sì ń kó bisikíìtì rẹ̀ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí àlejò bá wá, yóò gbé e fún wọn kí wọ́n mú bisikíìtì, yóò sì sọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú irin tí ẹ ń rí nínú fíìmù kì í ṣe irin. Rọ́bà ni, tí wọ́n kùn láwọ̀ irin, kó má baà wúwo, kó má sì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Bí kámẹ́rà bá jìnnà, ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Bó bá súnmọ́ tòsí, àṣírí tú, nítorí rọ́bà kì í gba ìmọ́lẹ̀ bí irin ṣe ń gbà á. Auntie Kamala ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ìhámọ́ra fún fíìmù. Ó ti ṣe ti àwọn jagunjagun òyìnbó, ó ti ṣe ti àwọn ẹ̀dá tó ń ti ojú sánmà bọ̀, kò sí ẹni tó ní kó ṣe ti àwọn baba ńlá tirẹ̀ rí. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ti máa ń fi orin ọba yìí rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lọ́mọdé. Làkúrègbé ti mú ìka rẹ̀ wú, ó sì ti pinnu láti fẹ̀yìn tì, ni iṣẹ́ yìí bá dé, ló bá ní òun ò lọ mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ olùdarí fíìmù: kí ọba wọ ìgbàyà irin gidi tí òun fọwọ́ ara òun lù, ní ọjọ́ tí yóò kú, kí kámẹ́rà sì súnmọ́ ọn. Olùdarí gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe rọ́bà kan tó jọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìṣòro kankan bá bá tirin, rọ́bà ni wọn yóò lò, kámẹ́rà yóò sì dúró sí òkèèrè. Auntie gbà bẹ́ẹ̀. Oṣù púpọ̀ ló fi lu ìgbàyà náà, ó ń lù ú, ó ń sinmi ọwọ́, ó ń tún un lù. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìgbàyà òdodo ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó fi òòrùn sí àárín àyà rẹ̀, ìtànṣán òòrùn náà tín-ín-rín, òòlù nìkan ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tó parí rẹ̀, mo kàn dúró tì í, mò ń wò ó.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù, Auntie ń bá ìgbàyà náà lọ sí Bolton lójoojúmọ́, èmi sì jókòó ní Bramalea, mò ń lu àṣíborí fún àwọn balógun. N kò fojú kan ìgbàyà náà mọ́ títí di ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Auntie gbé e padà wá nítorí awọ tí wọ́n fi ń dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ já. Ó ní kí n bá òun rán an kó tó di ọjọ́ Ajé, nítorí ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni wọn yóò ya ikú ọba. Òun ń lọ rí dókítà nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi aṣọ bò ó, ó lọ.

Mo wá lọ́jọ́ Sátidé, èmi nìkan. Mo ṣí aṣọ náà, àánú ìyá ṣe mí. Wọ́n ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Déǹtì wà léjìká, ọ̀kan ńlá wà ní ìhà, òmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìtànṣán òòrùn rẹ́ lápá kan, èyí tó burú jù sì wà ní àyà òsì, ó jìn débi tí ìdajì ẹyin yóò fi jókòó síbẹ̀. Mo bú àwọn òṣèré. Mo bú àwọn ẹṣin. Mo ro ti Auntie, pé pẹ̀lú ìka tó wú yẹn, òun náà ni yóò tún wá jókòó ti èyí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọba ni ẹni tó ń lọ kú yìí, ẹ gbọ́; ṣé inú àkísà irin ló yẹ kó kú sí? Mo yára rán awọ náà, mo sì yọ dólì tí mo gbé wá láti Ìbàdàn.

Mo gbádùn iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Mo fi ìka wá ọ̀nà déǹtì kọ̀ọ̀kan kí n tó lù ú: ibi tí ohun tó gbá a ti wọlé, apá ibi tó yọ̀ sí, ibi tí páànù ti nà jù. Ibi tó wọlé kẹ́yìn là ń kọ́kọ́ gbé dìde. Mo gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dán gbogbo rẹ̀, mo wá dijú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ mi ò dúró níbì kankan. Mo délé, mo sọ fún Fúnmi pé bí Auntie bá rí ohun tí mo ṣe, yóò sunkún.

Ó sì sunkún lóòótọ́. Mo tètè dé lọ́jọ́ Ajé kí n lè wà níbẹ̀ nígbà tó bá ṣí aṣọ, mo ti po tíì rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ó wọlé, ó bọ́ kóòtù, ó béèrè ìyàwó àti ọmọ mi, ó ká aṣọ kúrò. Ó fi ìka kan àyà òsì ìgbàyà náà, ó gbé ìka kúrò, ó tún fi kàn án. Lẹ́yìn náà ó wá ibi jókòó.

"Gbádé, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Auntie. Mo ní kí ẹ lè sinmi."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi òmùgọ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Mi ò rí iṣẹ́ tó mọ́ tó báyìí rí," ó ní. "Ọkùnrin yìí ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jagun, beta. Ìwọ wá sọ ọ́ di ọkọ ìyàwó."

Ó wá ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́. Kò sí ẹṣin tó tẹ ìgbàyà náà, kò sí òṣèré tó gbá a. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lu àpá kọ̀ọ̀kan sí i ní Bolton bí wọ́n bá ti ya ogun kọ̀ọ̀kan tán. Ọfà ló bá a léjìká, ní ọjọ́ tí ọba gba ìlú bàbá rẹ̀ padà. Kùmọ̀ irin ló gbá a ní ìhà. Èyí tó pa ìtànṣán òòrùn rẹ́, inú odò ló ti gbà á, nígbà tí ẹṣin rẹ̀ kú mọ́ ọn nídìí tó sì fi àyà gbá òkúta. Ti àyà òsì, àbúrò rẹ̀ tó sá lọ bá ọ̀tá ló sọ ọ̀kọ̀ lù ú. Bí ọba bá ṣubú ní ọ̀sán yẹn, kámẹ́rà yóò rọra rìn lórí àyà rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ àti láìsí orin, kí àwọn èrò lè rántí gbogbo ibi tó ti kọjá. Nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni Auntie ṣe fi ìka tó ń ro ó lu irin fún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Ohun tí mo pè ní déǹtì gan-an ni iṣẹ́ tó wá ṣe.

Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Nígbà tí ilẹ̀ kọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tútù, Auntie sì pariwo nítorí ó rò pé mo dákú. Ó di ìgbà tí mo gbé orí sókè tí mo ní kò sí nǹkan, pé mò ń bẹ̀ ẹ́ ni, kó tó fi fóònù tó fẹ́ fi pe áńbúláǹsì sílẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi pe Rachel.

Rachel ni ọ̀dọ́bìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé bí ọba ṣe rí nígbà tó wọ ilé, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tó jáde, bí ọ̀sẹ̀ méjì tilẹ̀ wà láàárín ìgbà tí wọ́n ya méjèèjì. Ó ní àwòrán gbogbo àpá náà. Ó ní bí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe fíìmù bá gbọ́, rọ́bà ni wọn yóò gbé lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé ìgbàyà yóò sì dé lọ́sàn-án. Ó ní òun yóò fi àwòrán ránṣẹ́, òun ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni kí òun tó fojú ara òun rí i. Bó bá jọ, wọn yóò lò ó. Bí kò bá jọ, kí Auntie má bínú.

Auntie gbé fóònù sílẹ̀. "Ṣé o lè dá wọn padà?"

Irin máa ń rẹ̀. Ẹni tí kò bá lù ú kò lè mọ̀. Páànù tí a bá lù wọlé, tí a lù jáde, tí a tún fẹ́ lù wọlé, ó ti fẹ́lẹ́, ó sì ti gan, òòlù kan tó bá le jù lè mú kó ya. Iná lè rọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n iná yóò yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kò sì sí àkókò tí a ó fi tún un dán. Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní mo lè dá àwọn yòókù padà, ti àyà òsì ni mi ò mọ̀.

A gbé àwòrán síwájú, a bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ń sọ bí àpá ṣe rí, ìka mi sì rántí bó ṣe wọlé, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè tú déǹtì tí kò ní mọ ọ̀nà rẹ̀. Èyí tí mo gbé dìde kẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ lù wọlé. Ó ṣòro fún mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Láti ìgbà tí mo ti di òòlù mú, n kò tíì mọ̀ọ́mọ̀ ba páànù jẹ́ rí, gbogbo ara mi ló ń kọ̀ ọ́. Auntie dúró lẹ́yìn mi, ó ń sọ pé kí n gbàgbé mọ́tò, kí n rántí pé ẹni tó mú kùmọ̀ yẹn fẹ́ pa ènìyàn. Mo lu ti ìhà bí ó ṣe wí, ó sì yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Auntie fi àwòrán wé e, ó pòṣé, ó ní ọba yóò ya aṣọ ìgbànú rẹ̀ di ìhà nìyẹn, ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kò lè ṣàìdi nǹkan.

Ó wá ku ti àyà òsì. Ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, dólì mi tóbi jù. Auntie wá kékeré kan tirẹ̀, ó fi awọ wé e, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ tó wú sẹ́yìn ìgbàyà náà láti fi gbé e dúró.

Mo fà sẹ́yìn. "Auntie, ẹ jọ̀ọ́. Bí òòlù bá yọ̀, ọwọ́ yín ni."

"Ọwọ́ mi ni," ó ní. "Nítorí náà o ò ní lù ú jù."

Mo ti gbàdúrà nílé ìwòsàn rí, mo ti gbàdúrà ní ọ́fíìsì físà. N kò gbàdúrà tó ti ọjọ́ yẹn. Mo lù ú pẹ́lẹ́. Ó ní díẹ̀ sí i. Mo lù ú, ó ní sí ọ̀dọ̀ ọrùn díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ń mọ ohun tí ojú mi níwájú kò lè rí, bí ó bá ti sọ̀rọ̀, mo ń lù. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jìn tó ti àwòrán, ìró rẹ̀ yí padà, ó tín-ín-rín, ìró tí páànù ń ní nígbà tó bá fẹ́ ya. Mo dá ọwọ́ dúró.

"Mo gbọ́ ọ," Auntie ní. "Ó ku ẹyọ kan. Lù ú."

Mo lù ú. Kò ya. Ó fa ọwọ́ yọ, ó na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n bu tíì mìíràn fún òun, èyí tí mo pò láàárọ̀ ti tutù. Ìdajì tíì náà ni mo dà sílẹ̀.

Èmi àti Auntie bá ọkọ̀ lọ sí Bolton. Rachel gbé ìgbàyà náà sábẹ́ iná, ó fi àwòrán wò ó lápá kan, ó fi wò ó lápá kejì. Ó pẹ́ ní ìhà. Auntie ní ọba yóò di aṣọ mọ́ ibẹ̀. Rachel wò ó, ó wò mí, ó ní kí wọ́n lọ wá aṣọ ìgbànú wá.

Mo gbọ́dọ̀ yin òṣèré tó ṣe ọba náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bú u lọ́jọ́ Sátidé. Kí wọ́n tó dè é fún un, ó fi ìka kan àpá kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró díẹ̀ níbi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí wọ́n dè é tán, ó rìn bí ẹni tí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dùn. Àwọn ọmọ ogun tó yí i ká, ọmọ India tó ń gbé Brampton ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí wọ́n ti gbọ́ orin ọba yìí nílé. Ó jà, ó ṣubú. Kámẹ́rà súnmọ́ ọn, ó ń rọra lọ lórí àyà rẹ̀. Olùdarí ti ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan láàárín àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, òmíràn gbè é, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń kì í. Olùdarí kò dá wọn dúró. N kò gbọ́ èdè náà, mo kàn mọ̀ pé ọba ni wọ́n ń kì, ara mi sì bù máṣọ. Auntie Kamala di apá mi mú. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà, èyí kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, olùdarí wo ohun tí wọ́n ti yà, ó fẹ́ràn bí irin náà ṣe rí débi tó fi ní òun fẹ́ tún ọjọ́ ìwúyè yà, ọjọ́ tí ọba ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, kí kámẹ́rà súnmọ́ ibẹ̀ náà. Wọ́n nílò ìgbàyà tí ogun kò tíì fọwọ́ kàn. Ọ́fíìsì ti gbọ́ gbogbo ìtàn nígbà yẹn, wọ́n sì pe Auntie pé ṣé ará Nàìjíríà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ò lè tún un ṣe bó ṣe ṣe é lọ́jọ́sí.

Auntie ní rárá. Ó ní irin yẹn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún lù ú mọ́. Ó ní ará Nàìjíríà náà yóò lu tuntun. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, kò tilẹ̀ bi mí bóyá mo lè ṣe é.

Ó gbé páànù pẹlẹbẹ kan síwájú mi, ó jókòó, ó di ife tíì mú. Èyí tí mo kọ́kọ́ lù, ó ní ìtànṣán rẹ̀ ń bẹ̀rù, kí n jù ú nù. Mo jù ú nù. Èyí tí mo lù tẹ̀lé e, ó jẹ́ kí n lù ú parí. Ó dìde, ó dijú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó wú yẹn pa á láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. N kò sọ fún un rí pé bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Ràṣídì máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró níbì kankan.

Auntie Kamala ti fẹ̀yìn tì báyìí. Èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì yẹn, àwọn tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń dọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín bí mo bá ní kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ dá òòlù kọjá, ṣùgbọ́n wọn kì í dá a kọjá. Ọjọ́ tí fíìmù náà jáde, Auntie pè wá sí ilé sinimá kan ní Brampton, èmi àti Fúnmi àti Tèmi ọmọ wa. Èrò kún bámúbámú. Nígbà tí ọba gorí oyè, tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí òòrùn àyà rẹ̀, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Nígbà tó ṣubú, tí kámẹ́rà ń rọra rìn lórí àpá wọ̀nyẹn, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́. Bàbá kan tó jókòó níwájú wa bọ́ awò ojú rẹ̀, kò sì tètè dá a padà.

Tèmi nawọ́ fa kóòtù mi. Mo ti ń fi iṣẹ́ yìí yangàn sí i létí láti ọjọ́ pípẹ́. "Daddy, which one is yours?"

Kí n tó lanu, Auntie ti na ọrùn láti ìjókòó tirẹ̀. "Ibi tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ yẹn, bàbá rẹ ló ṣe é. Ibi tó ti dàgbà, èmi ni."

Tèmi yíjú padà sí ojú sinimá, ó wò ó, ó ronú sí i. "But Auntie," ó ní, "it's the same one."

Auntie Kamala wò mí kọjá orí ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan náà ni.